Kókó Inú Àtẹ́lẹwọ́

Ohun tó jáde látinú àtẹ́lẹwọ́ ọkùnrin náà kì í ṣe ẹ̀jẹ̀, kì í sì í ṣe irú ọyún tí gbogbo ayé mọ̀. Ó dúdú bí epo tó ti pẹ́ nínú ẹ́ńjìnnì, ó ń fà, dókítà tó mú abẹ dání sì fà sẹ́yìn bí ẹni tó ṣí ìkòkò tó bá ejò níbẹ̀. Kò rùn rárá. Ìyẹn gan-an ló bà á lẹ́rù. Ohun tó bá jẹrà, ó yẹ kó rùn. Ẹni tó ni ọwọ́ náà ò wo ọwọ́ rẹ̀. Ó kọjú sí ògiri, ó ń bi nọ́ọ̀sì léraléra bóyá wọ́n ti yọ ọ́, bóyá wọ́n ti yọ gbogbo rẹ̀.

Onígíláàsì ló ròyìn èyí fún mi lórí fóònù. Orúkọ tí gbogbo ọsibítù fi ń pè é nìyẹn, torí láti àárọ̀ dalẹ́, ojú rẹ̀ kì í kúrò lórí awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Èmi náà ní orúkọ tèmi. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pè mí ní téṣàn. Mo kéré, mo mú, bí mo sì ṣe kéré tó, mi ò ṣeé gbé mì. Ọdún kẹtàdínlógún rèé tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, wọn ò sì tíì bí ọ̀gá tó máa ní kí n panu mọ́ kí n gbọ́.

Ó ní kókó dúdú mẹ́ta ló ti wọlé láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, sọ́míìlì kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wá. Nígbà tó sọ sọ́míìlì tó jẹ́, ṣe ni mo wá àga jókòó.

Mo mọ ibẹ̀. Oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn ni wọ́n bá bàbá tó ni ín nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, orí rẹ̀ ti fọ́. Èmi ni mo mú ẹni tó pa á. Àbí kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: èmi ni mo mú ẹnì kan. Aránṣọ ni, ọmọbìnrin tí àbúrò olóògbé bí ni, inú ilé bàbá náà ló ń gbé. Ẹ̀jẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn aládùúgbò ti gbọ́ ariwo òun àti bàbá náà lọ́sẹ̀ tó ṣáájú. Fọ́máànù sọ́míìlì tún jẹ́rìí pé òun rí i tó ń sáré wọlé láti ẹ̀yìnkùlé. Mo so gbogbo rẹ̀ pọ̀ bí ẹrù, mo gbé e fún kóòtù. Ọjọ́bọ̀ ni adájọ́ fẹ́ dájọ́. Ọjọ́ Ajé la wà yìí.

Ohun tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni ni pé láti oṣù mẹ́jọ náà ni ìyá ọmọ yìí ti ń wá sí téṣàn láràárọ̀. Kì í pariwo. Kì í sunkún. Á jókòó sórí bẹ́ńṣì tó dojú kọ tábìlì mi, á ní, "Ẹ káàárọ̀ o, ọmọ mi," á sì máa wò mí fún nǹkan bí ìdajì wákàtí, lẹ́yìn náà á dìde, á gba ibi iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ká ní ó ń gbé mi ṣépè ni, mo mọ bí wọ́n ṣe ń fèsì èpè. Kí lèèyàn ń fi fèsì ẹ káàárọ̀? Ojú obìnrin yẹn ń bá mi jẹun. Tí mo bá bu òkèlè, ó wà níbẹ̀.

Kí n tó jáde ni àkọ́bí olóògbé já wọlé. Ó ti gbọ́ nípa àwọn kókó náà. Ó ní aránṣọ yẹn ti fi májèlé sínú àgbá omi tí àwọn òṣìṣẹ́ ń mu kí wọ́n tó mú un, pé májèlé ọ̀hún ló ń wú jáde báyìí. Ó fẹ́ kí n kọ ọ́ kún ẹ̀sùn kí Ọjọ́bọ̀ tó pé. Ó tún fi kún un, ohùn rẹ̀ wálẹ̀, pé àwọn kan ní sọ́míìlì ò gbà pé májèlé ni. Wọ́n ní bàbá òun fúnra rẹ̀ ni, pé ó ń wá ẹni tó pa á kiri lára àwọn tó bá a ṣiṣẹ́. Mo bi í pé èwo ló gbà nínú méjèèjì. Ó ní májèlé ni. Ẹnu rẹ̀ sọ májèlé, ojú rẹ̀ sọ bàbá.

Ọ̀gá mi ní kí n má lọ ibì kankan, pé ẹjọ́ ti kúrò lọ́wọ́ wa. Mo ní bí ẹjọ́ bá kúrò lọ́wọ́, ṣé ó kúrò lọ́rùn? Mo gbé báàgì mi.

*

Ìsàlẹ̀ ilé ni yàrá iṣẹ́ Onígíláàsì wà, níbi tí oòrùn kì í dé. Fèrèsé kan ṣoṣo, tábìlì funfun kan, fíríìjì tó ń kùn bí ẹni tó ń rojọ́ fún ara rẹ̀. Ó to ìgò kékeré mẹ́ta síwájú mi, ó ní kí n fojú sí awò. Mo fojú sí i. Okùn ni mo rí, okùn tín-ín-rín aláwọ̀ ilẹ̀, ó ní oríkèé bí ọparun, ó sì lọ́ mọ́ ara rẹ̀ bí ìgbà tí òwú bá ta kókó lọ́wọ́ ẹni tí inú ń bí.

"Aró wo lẹ fi pa á?" mo bi í.

"Mi ò pa á láró. Àwọn ìyókù, èmi ni mò ń pa wọ́n láró kí n tó rí wọn. Èyí pa ara rẹ̀ láró látilé wá."

Ó wá ṣàlàyé fún mi bí ẹni ń fi ṣíbí bọ́ ọmọ. Irú ohun tó ń hù sára búrẹ́dì tó bá bu ni, àmọ́ ẹ̀yà tirẹ̀ dúdú láti inú wá. Inú igi jíjẹrà àti ilẹ̀ tútù ló ń gbé. Kò lè dá awọ ara lu. Àfi kí nǹkan ṣílẹ̀kùn fún un, ẹ̀gún, ìṣó, ẹ̀rún igi. Tó bá wọlé tán, kò ní sáré. Á dúró fún ọ̀sẹ̀, fún oṣù, fún ọdún pàápàá, títí ẹni tó ni ara á fi gbàgbé pé nǹkan gún òun rí. Lára ẹlòmíràn, á wú sábẹ́ awọ bí ẹyin àdàbà, roboto, kò ní dùn ún, kò ní gbóná. Lára ẹlòmíràn, á hu jáde bí èèpo igi àgbà, á máa tàn díẹ̀díẹ̀. Tó bá wá bá ara tí àìsàn mìíràn ti jẹ tán, ó lè gun inú ọpọlọ lọ. Ó ní torí ẹ̀ ni òun kì í fi í ṣeré. Àmọ́ ẹnì kan ò lè kó o ran ẹnì kejì, ẹnikẹ́ni ò sì lè bù ú sínú omi fún èèyàn mu kó wá yọ ní àtẹ́lẹwọ́.

Mo ní kó sọ àwọn tó ni ìgò fún mi.

Ìgò àkọ́kọ́ jẹ́ ti Ìyá Onígi, ẹni tó ń ṣa àjákù pákó ní sọ́míìlì lọ tà fún ìdáná. Ẹsẹ̀ ni tirẹ̀, lókè ọrùn ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó hu ṣákiṣàki, àmì dúdú wẹ́wẹ́ wà lórí rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n bu ẹ̀tù ìbọn sí i. Ọdún karùn-ún rèé tó ti ń fi aṣọ bò ó. Ìgbà tó rí àwọn ọkùnrin tó ń lọ sí ọsibítù ló tó lọ. Ọdún márùn-ún, aránṣọ náà ò tíì máa gbé ilé ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ nígbà náà. Bẹ́ẹ̀ ni májèlé àkọ́bí kú síwájú mi, mi ò sì ṣọ̀fọ̀ rẹ̀.

Ìgò kejì jẹ́ ti Aláyùn, ẹni tó ń wa ẹ̀rọ ayùn. Ọwọ́ òsì, ìdí àtàǹpàkò.

Ìgò kẹta jẹ́ ti fọ́máànù. Àtẹ́lẹwọ́ òsì. Oṣù méjì péré ló ti ṣàkíyèsí i. Ẹ̀rún igi kan wà nínú ọyún dúdú yẹn, kò gùn ju hóró ìrẹsì lọ, Onígíláàsì sì ti fọ̀ ọ́, ó tẹ́ ẹ sórí gíláàsì. Mo yí i lábẹ́ awò. Ní orí rẹ̀ kan, mo rí ohun tó tàn.

"Kí nìyí?"

Onígíláàsì ní òun rò pé yíǹkì ni. Mo ní kó ha á. Ó fi ẹnu abẹ́rẹ́ ha á, ó sì ṣí bí ìpẹ́ ẹja tó kéré jọjọ. Ọ̀dà ni. Ọ̀dà búlúù.

Mo gbé ojú kúrò lórí awò. Nítorí mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ igi búlúù rí. Láàárọ̀ tí mo mú aránṣọ yẹn, kí wọ́n tó fi ẹ̀wọ̀n sí i lọ́wọ́, ó sọ fún mi pé igi ìdábùú ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé ò sí mọ́, igi búlúù kan tó ti pẹ́, tí òjò ti sọ orí rẹ̀ kan di rírọ̀. A ò rí ohun tí wọ́n fi lu bàbá náà rí. Mo gbọ́, mo kọ ọ́ sílẹ̀. Mo wá fi lẹ́tà wẹ́wẹ́ kọ ọ̀rọ̀ kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: kò ṣe pàtàkì.

*

Ọ̀dà búlúù kún ayé. Bí mo bá gbé ìyẹn nìkan tọ adájọ́ lọ, á bi mí bóyá ọ̀dà ni mo fẹ́ tà. Mo gba sọ́míìlì lọ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn kan náà.

Fọ́máànù ò sí níbẹ̀, wọ́n ti fún un ní ìsinmi nítorí ọwọ́ rẹ̀. Ayùn ń ké. Ìyẹ̀fun pákó wà lórí gbogbo nǹkan, lórí irun, lórí ìpéǹpéjú, tó fi jẹ́ pé àwọn òṣìṣẹ́ jọ òkú tó jí wá parí iṣẹ́. Wọn ò bá mi sọ̀rọ̀. Bí mo bá ti sún mọ́ ẹnì kan ni yóò ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò, bí ẹni pé kókó ń bẹ lójú mi.

Aláyùn nìkan ló dá mi lóhùn. Ó tóbi, ó ń rẹ́rìn-ín, báńdéèjì wà ní ọwọ́ òsì rẹ̀. Òun ni mo kọ́kọ́ fura sí, mi ò ní purọ́. Ẹni tó ń wa ayùn lè gé igi yòówù kó parẹ́. Mo bi í ní tààrà bóyá ó ti gé igi tí wọ́n kùn lọ́dà rí.

Ó wò mí bí ẹni pé mo bi í bóyá ó ti jẹ òkúta rí. Ó ní igi ọlọ́dà kì í gun ayùn níbẹ̀. Òfin bàbá ni. Ọ̀dà máa ń bo ìṣó mọ́lẹ̀, ìṣó sì máa ń ṣẹ́ eyín ayùn. Ó ní ẹnikẹ́ni tó bá gbé igi ọlọ́dà wọ ọgbà yẹn, bàbá á bá a débi tí wọ́n bí i sí.

"Eyín ayùn ò wá ṣẹ́ rí?"

Ó ronú. Ó ní ó ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, láàárọ̀ tí ìròyìn ikú bàbá dé. Òun dé, òun bá eyín kan tó ti fò. Fọ́máànù ní òun ló gbìyànjú igi tútù kan, pé ìṣó wà nínú rẹ̀. Òun ò bi í síwájú. Kọ́kọ́rọ́ ọgbà ò kúrò lọ́wọ́ fọ́máànù rí, òun ló sì máa ń kọ́kọ́ dé.

Mo dúpẹ́, mo yíjú láti lọ. Ìgbà yẹn ni mo rí àwọn méjì tó ń ti ìtì igi wọnú ayùn. Ọ̀kan wà ní apá òsì, ọ̀kan wà ní apá ọ̀tún. Ẹni apá òsì wọ ìbọ̀wọ́ aláwọ sí ọwọ́ òsì nìkan. Ẹni apá ọ̀tún wọ ti ọ̀tún. Ìbọ̀wọ́ méjì náà bára mu.

Mo padà sọ́dọ̀ Aláyùn. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní bàbá ló dá àṣà yẹn sílẹ̀: ọwọ́ tó wà ní ìta ló ń di èèpo igi mú, òun ló ń jìyà, kí wá ni wọ́n ń fi ìbọ̀wọ́ bo èkejì fún? Èèyàn méjì, ìbọ̀wọ́ méjì, ó tán. Ẹni tó bá ti mú ẹ̀gbẹ́ kan ò ní yí i mọ́. Òun àti fọ́máànù ti jọ ṣe ogún ọdún. Òun lòun wọ ti ọ̀tún, ìdí nìyẹn tí nǹkan fi gún ọwọ́ òsì òun tó wà níhòòhò.

"Fọ́máànù ló wá wọ ti òsì."

"Ó fẹ́ẹ̀ máa fi wẹ̀."

Ó fi ọwọ́ hàn mí. Ìbọ̀wọ́ fọ́máànù rọ̀ sórí ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, ó ti gan, ó ká bí ọwọ́ gidi, bí ẹni pé ọwọ́ kan ṣì wà nínú rẹ̀ tó ń dúró. Mo yọ ọ́. Mo na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sí oòrùn. Awọ náà nípọn tó ìka mi, kò sí ihò kan lára rẹ̀, bó ti wù kó kéré mọ.

Mo rí Ìyá Onígi níbi tó ti ń di ẹrù rẹ̀, aṣọ wé mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Kó tó dá mi lóhùn, ó ní kí n kọ́kọ́ bá òun gbé orí kan ẹrù náà. Mo gbé e. Mo bi í bóyá ó ti ṣa igi ọlọ́dà níbẹ̀ rí. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ègé márùn-ún, lábẹ́ ayùn, láàárọ̀ tí wọ́n ń sunkún bàbá. Ó ya òun lẹ́nu, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n fún lẹ́ran kì í bèèrè orúkọ màlúù. Ó dáná sun mẹ́rin. Ìkarùn-ún ní ìṣó nínú, orí rẹ̀ kan sì ti rọ̀ bí búrẹ́dì, kò ṣeé dáná. Ó fi ti ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ tó kúrú.

A jọ lọ sílé rẹ̀. Yàrá kan, ó mọ́ tónítóní. Mo dọ̀bálẹ̀ sí ilẹ̀ símẹ́ńtì, mo nawọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo sì fa igi búlúù náà jáde. Ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan tí a ò kùn, nǹkan bí ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn, ó sì ti mu wọ inú igi. Ìyá náà wò ó, ó wò mí.

"Oṣù mẹ́jọ ni mo ti ń sùn lé e lórí," ló wí.

*

Láàárọ̀ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo lọ rí aránṣọ náà ní ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ó ti gbẹ. Ìka rẹ̀ ń rìn lórí tábìlì bí ẹni tó ń kọ́ etí aṣọ tí kò sí níbẹ̀. Mo ní kó tún sọ bí igi ìdábùú yẹn ṣe rí fún mi.

"Mo ti sọ fún yín."

Mo ní mo mọ̀. Mo ní kó jọ̀ọ́.

Ó sọ ọ́, kò sì yí ọ̀rọ̀ kan padà. Mo wá bi í ní ìbéèrè tó yẹ kí n ti bi í láti oṣù mẹ́jọ: kí ni òun àti bàbá náà ń pariwo lé lórí lọ́sẹ̀ yẹn? Ó ní ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ tí ayùn gé lọ́wọ́ ni, bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta. Gbogbo sọ́míìlì ní àìṣọ́ra ọkùnrin náà ló fà á. Irọ́ ni. Wọ́n ti tú irin tó bo ayùn kúrò kí iṣẹ́ lè yá. Òun sọ fún bàbá náà pé tó bá panu mọ́, òun á kó kúrò nílé rẹ̀. Bàbá náà bínú títí, nígbà tó yá ó ní òun á sọ òtítọ́ fún ìgbìmọ̀ tó ń wádìí.

"Ta ló tú irin náà?"

"Kò dárúkọ ẹni tó tú u. Ó kàn sọ pé ó máa dun òun, torí ó pẹ́ tí àwọn ti jọ ń ṣiṣẹ́."

Ọmọ yìí ti gbé ìdáhùn dání fún oṣù mẹ́jọ. Èmi tí mo ń pe ara mi ní abẹ́rẹ́, aṣọ tó ya síwájú mi ni mi ò rí.

*

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni fọ́máànù wá fún títún ọgbẹ́ rẹ̀ wé. Mo ti ń dúró dè é ní yàrá Onígíláàsì, sájẹ́ńtì kan sì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Àgbàlagbà tó níyì ni, irun rẹ̀ funfun, aṣọ rẹ̀ mọ́. Ó kí mi dáadáa. Kó tó jókòó ló ti bi Onígíláàsì ní ìbéèrè kan, ohùn rẹ̀ sì kéré.

"Wọ́n ní irun wà nínú ẹ̀. Ṣé lóòótọ́ ni?"

"Kì í ṣe irun, bàbá. Ó kàn jọ okùn ni."

"Tí wọ́n bá yọ ọ́, ṣé ó lè padà?"

Onígíláàsì ní ó lè padà, àfi tó bá ń lo oògùn fún oṣù púpọ̀. Ọkùnrin náà mi orí, bí ẹni tó ti mọ ìdáhùn kó tó bèèrè.

Mo gbé ìbọ̀wọ́ sórí tábìlì.

"Bàbá, ti ta nìyí?"

"Tèmi."

"Ibo ni ẹ̀rún igi ti gún yín?"

"Ẹnu iṣẹ́. Níbo lẹ tún fẹ́ kó jẹ́?"

"Mi ò ní ní kí ẹ wọ̀ ọ́, ọgbẹ́ ò ní jẹ́ kó wọlé. Ẹ ṣáà fi ibi tí igi gbà kọjá hàn mí."

Ó mú un. Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n ó wá a. Ó yí ìbọ̀wọ́ náà síwá sẹ́yìn, ó fi ìka ọ̀tún tẹ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ níbi gbogbo, bí dókítà ṣe ń tẹ ikùn ọmọ. Ogún ọdún ló fi mọ awọ yẹn. Ó mọ̀ pé kò sí ihò níbẹ̀.

"Ó ní ọjọ́ tí mo bọ́ ọ," ló sọ nígbẹ̀yìn.

"Ọjọ́ wo?"

Ó dá ìbọ̀wọ́ padà sórí tábìlì.

"Ogún ọdún, ẹ bọ́ ọ lọ́jọ́ kan. Ọjọ́ wo ni, bàbá?"

Mo gbé igi búlúù náà kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbọ̀wọ́, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń gbé ọmọ tó sùn. Fíríìjì Onígíláàsì ń kùn. Fọ́máànù ò wo igi náà. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ló ń wò, báńdéèjì funfun yẹn, bí ẹni pé òun ló máa sọ̀rọ̀.

"Mo lọ bẹ̀ ẹ́ ni," ló wí. "Ṣé èèyàn ń fi ìbọ̀wọ́ bẹ̀bẹ̀ ni?"

Ó wá sọ ìyókù, kò sì dúró mí. Ibi iṣẹ́ ló ti gba ẹ̀yìnkùlé ọ̀gá rẹ̀ lọ nírọ̀lẹ́ yẹn, ìbọ̀wọ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bọ́ ọ, ó ká a sí àpò, ó kúnlẹ̀. Ó bẹ ọ̀gá rẹ̀ pé kó má sọ fún ìgbìmọ̀ pé òun lòun tú irin ayùn. Bàbá náà ní òun ò lè purọ́ mọ́ ẹni tí kò lọ́wọ́ mọ́. Ó ti yọ igi ìdábùú, ó fi í ti ògiri, ó ń ṣílẹ̀kùn kí fọ́máànù lè máa lọ. Ó kọ ẹ̀yìn sí i. Kò ju ìyẹn lọ tí fọ́máànù fi gbé igi náà. Ìgbà tí nǹkan gún un lọ́wọ́, kò mọ̀ ọ́n. Bí ọmọ náà ṣe sáré jáde tó ń gbé orí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ sókè, òun ti wà lẹ́yìn odi, igi náà wà lábẹ́ aṣọ òun. Ó gé e láàárọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dé. Ó jẹ́rìí sí ọmọ náà lọ́rùn. Ó ní òun ti fẹ́ẹ̀ gbàgbé, pé òun ti ń rí oorun sùn.

"Ó wá wú," ló sọ. "Kò dùn mí. Ká ní ó dùn mí, ǹ bá mọ̀ pé àìsàn ni. Ó kàn ń tóbi. Tí mo bá di ọwọ́, ó wà níbẹ̀. Tí mo bá kí èèyàn, òun ló ń kọ́kọ́ kan ẹni náà. Mo mọ ẹni tó jẹ́. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo ti mọ̀ ọ́n."

Onígíláàsì la ẹnu láti ṣàlàyé. Mo gbọ́ tó ń bẹ̀rẹ̀, pé ohun tó wà nínú igi jíjẹrà ni, pé kò ní í ṣe pẹ̀lú òkú kankan. Ọkùnrin náà gbọ́ gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú sùúrù. Ó wá nàka sí igi búlúù tó wà lórí tábìlì.

"Inú ìyẹn ló ti wá?"

"Inú ìyẹn ni."

"Ẹ ò wá rí i pé òun ni," ló wí.

Mo pe sájẹ́ńtì.

*

Ní Ọjọ́bọ̀, kí adájọ́ tó gbé pẹ́ẹ̀nì, mo dìde ní kóòtù, mo ka ìwé tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ. Mo ka ẹ̀rí fọ́máànù, mo ka ti Ìyá Onígi àti ti Aláyùn, mo sì ka ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ yẹn tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ìwé, pẹ̀lú ọjọ́ tí mo kọ ọ́. Ọ̀gá mi ti kìlọ̀ fún mi pé kí n fo ìyẹn. Mo ní bí mo bá fò ó, èmi àti fọ́máànù ti di ìbejì. Wọ́n ti gba ipò mi lọ́wọ́ mi báyìí, wọ́n ní kí n lọ máa ka ẹrù ní yàrá ìkẹ́rùsí. Ó dára bẹ́ẹ̀.

Wọ́n dá aránṣọ náà sílẹ̀ kí agogo méjìlá tó lù. Ìyá rẹ̀ dì í lápá mú wá síta, ó ń fà á bí ẹni tó ń kọ́ ọmọ ní ìrìn. Mo dúró lórí àtẹ̀gùn. Mo ti to ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ láti òru, ọ̀rọ̀ tó gún régé. Gbogbo rẹ̀ fò lọ. Mo ní èmi ni mo ṣe é, mo ní kó má bínú.

Ìyá rẹ̀ yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọmọ náà wò mí, kò sí ìbínú lójú rẹ̀, ká ní ó tiẹ̀ wà níbẹ̀ ni, ì bá sàn fún mi.

"Mo gbọ́," ló wí. "Mi ò tíì dárí jì yín. Tí mo bá ṣe é, màá wá sọ fún yín fúnra mi. Ẹ má wá bèèrè."

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n sọdá títì.

Ó ti di oṣù mẹ́fà báyìí. Yàrá ìkẹ́rùsí wà ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan, ìró ẹsẹ̀ sì máa ń ti ọ̀nà jíjìn dún kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Tí mo bá ti gbọ́ bàtà obìnrin, mo máa ń dáwọ́ iṣẹ́ dúró, mo máa ń ka ẹsẹ̀ náà, títí tó fi máa kọjá.